Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: KÍ A TÓ FI OWÓ Ẹ̀YÁWÓ RA ỌKỌ̀ FÓÒ-WÍÌLÌ TÒKUNBỌ̀

Nínú gbogbo ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ máa ń yọ̀ǹda, èyí tí a fi ń ra ọkọ̀ ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lẹ́yìn tí owó bá ti jáde. Ẹni tí ó fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé, bí ilé náà kò tilẹ̀ parí, bulọ́ọ̀kù rẹ̀ wà ní ìdúró. Ẹni tí ó fi sanwó ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń kàwé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè kú ní oṣù kẹta, kí gbèsè rẹ̀ sì wà láàyè títí di ọdún kejì.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan nínú wa nìyẹn. Àgbẹ̀ kòkó ni, ọ̀nà oko rẹ̀ sì máa ń di ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Ó yáwó, ó lọ wá ọkọ̀ fóò-wíìlì tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání, nítorí kì í ṣe aláìgbọ́n. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde sí títì márosẹ̀, wọ́n sá eré díẹ̀, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ó sanwó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń yí ọkọ̀ náà padà nínú àgbàlá, ńṣe ni ó máa ń lọ́ra bí ìgbà tí ẹnìkan di ìdí rẹ̀ mú, táyà a sì máa ké lórí kọnkéré. Kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ohun tí ó so iwájú ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ti jóná, ó sì ti ba àpótí gíà jẹ́ pẹ̀lú. Owó kòkó ọdún náà kò tó o láti tún un ṣe. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ni ó san èyí tí ó kù nínú gbèsè náà láti inú owó ìfipamọ́ wọn. Ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ni ọ̀kan nínú wọn, kò sì jókòó nínú ọkọ̀ náà rí.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń dá mẹkáníìkì yẹn lẹ́bi. Lójú tiwa, ọ̀nà tí wọ́n ti dán ọkọ̀ náà wò ni àṣìṣe wà. Ọkọ̀ fóò-wíìlì tí ó ń ṣàìsàn lè sáré lórí títì tí ó tọ́ tí ó sì tẹ́jú láìfi nǹkan kan hàn. Ìgbà tí a bá ń yí i po lójú kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni ó tó ń jẹ́wọ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ rántí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n máa ń yan ní ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Bí ìlà wọn bá dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ yà, ọmọ tí ó wà ní inú yóò máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan, èyí tí ó wà ní ìta yóò máa gbé ẹsẹ̀ gígùn kí ìlà má baà wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ ìta ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti inú lọ, ẹsẹ̀ iwájú náà sì ń rìn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀lé ni, kò sí ìjà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò máa gba iwájú láàyè láti yára ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Ohun náà ni a ó máa pè ní ìsopọ̀ àárín nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí ìsopọ̀ yìí bá gan, iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn fa wàhálà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yà, ooru rẹ̀ ni yóò sì jó ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì rọ̀ jù tí kò di nǹkan mú mọ́, ọkọ̀ náà ti di ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì ń fà, orúkọ fóò-wíìlì nìkan ni ó kù lára rẹ̀. Ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ẹ ó fi rì sínú ẹrẹ̀.

Ìsopọ̀ náà kò rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀, ó sì yẹ kí a mọ irú èyí tí a fẹ́ rà. Nínú Toyota RAV4 ti ọdún 2000 sí 2005 tí ó jẹ́ fóò-wíìlì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Gíà tí ń pín agbára wà ní àárín, agolo kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ tí àwọn àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún inú rẹ̀, tí wọ́n rì sínú ọ̀rá sílíkóònù tí ó ki. RAV4 tí ó tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ti 2006 sí 2012, yàtọ̀: iwájú ni ó ń fà á, agbára iná mànàmáná sì ni ó ń so ẹ̀yìn mọ́ ọn nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀. Ó ní bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kí iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀ gírígírí. Bí eré bá ti kọjá kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, yóò tú fúnra rẹ̀. Ní ti Honda CR-V, láti 1995 títí dé nǹkan bí 2011, pọ́ǹpù kékeré méjì ni ó wà nínú àpótí gíà ẹ̀yìn. Ọ̀kan ń yí tẹ̀lé iwájú, èkejì ń yí tẹ̀lé ẹ̀yìn. Bí iwájú bá yára jù, agbára ọ́ìlì tí ó lé ni yóò ti àwọn àwo pọ̀, ẹ̀yìn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran iwájú lọ́wọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Hilux tí ó ní ọ̀pá tí a fi ń wọ fóò-wíìlì kò sí nínú wọn. Ọ̀pọ̀ irú èyí kò ní ìsopọ̀ àárín rárá, inú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn nìkan ni a sì gbọ́dọ̀ ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ lórí títì gbígbẹ tí ó ń lọ́ra ní ìgbà tí ó ń yà, kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Ẹ rántí èyí, nítorí a óò padà sí i.

Ó tún yẹ kí a bèèrè ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀. Orúkọ wọn ti sọ pé òkun ni wọ́n gbà bọ̀, ṣùgbọ́n apá ibo ní òkè òkun? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ra fóò-wíìlì ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń rà á nítorí yìnyín. Àwọn ìjọba ibẹ̀ máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ bí ikán ti ń jẹ igi. Nítorí náà, bí ara ọkọ̀ bá ń dán gbinrin, ẹ má ṣe yọ̀ títí ẹ ó fi wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bá ọ̀dà dúdú tuntun níbẹ̀, ẹ mú sukudíráfà kí ẹ fi gún un díẹ̀díẹ̀ ní ìdí ibi tí wọ́n de àpótí gíà ẹ̀yìn mọ́. Irin tí ó sán ni a ń wá. Bí ó bá ń wó bí àkàrà gbígbẹ, ẹ dìde. Omi náà wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas ní oṣù kẹjọ 2017, ọkọ̀ tí omi bò kì í ṣe díẹ̀, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ sára. Omi tí ó bá wọ inú àpótí gíà yóò sọ ọ́ìlì rẹ̀ di funfun bí omi ẹ̀kọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ wo ọkọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ti bẹ ẹni tí ó fẹ́ tà á pé kí ó má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná, ẹnìkan ti jí ṣáájú yín nítorí ohun kan.

Kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fóò-wíìlì ni ní òtítọ́. RAV4, CR-V àti Highlander, oríṣi méjèèjì ni wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà, èyí tí iwájú nìkan ń fà àti èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n ń tà á ní ọjà. Abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ̀rí wà: ọ̀pá irin gígùn kan gbọ́dọ̀ ti iwájú wá bá àpótí gíà ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là. Bí ẹ bá rí àpótí gíà ẹ̀yìn tí ẹ kò rí ọ̀pá náà, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn bá ń pariwo, nítorí irú ọkọ̀ tí iwájú ń fà lè máa rìn láìsí i. Kò ní pariwo mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ fi owó lé owó kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀pá náà bá wà, kí mẹkáníìkì fi òkúta di táyà, kí ó paná ọkọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ mì ín. Kò yẹ kí oríkèé rẹ̀ máa ró gbogoro, kò sì yẹ kí rọ́bà tí ó yí béárìn àárín ká ti fàya. Kí ó wo rọ́bà tí ó bo oríkèé ṣáàfùtù ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ya, gíríìsì yóò ti fọ́n sára inú táyà.

Táyà fúnra rẹ̀ ni ìwé ìtàn ọkọ̀ fóò-wíìlì, àwọn tí ń rà á kì í sì í kà á. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ bákan náà. Ìdí ni pé táyà tí ó kéré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó rin ọ̀nà kan náà. Bí wọ́n bá wá fi méjì tuntun sí iwájú tí méjì tí ó ti jẹ tán wà lẹ́yìn, ńṣe ni ọkọ̀ náà dà bí èyí tí ń yà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kódà lórí títì tí ó tọ́, ìsopọ̀ àárín kò sì ní sinmi. Ilé-iṣẹ́ Subaru, tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìyàtọ̀ yíká táyà kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mílímítà 6. Ẹ lè fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n. A mọ̀ pé wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín ní ọjà ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nípa ti ọ́ìlì, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì gíà yọ bí ọkọ̀ náà bá ní i, kí ẹ sì nù ún sára aṣọ funfun. Pupa ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá ti dúdú tí ó ń rùn bí ohun tí ó jó, àwọn àwo inú gíà ti ń jó nìyẹn. Bí ó bá sì pupa kedere bí omi sobo nínú ọkọ̀ tí ó ti pẹ́, ẹ bèèrè ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Kí mẹkáníìkì tú ìdérí àpótí gíà ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun irin díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èérún tí ọwọ́ lè mú, eyín gíà ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tan ọkọ̀. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan án, iná fóò-wíìlì, bí ọkọ̀ náà bá ní i, àti iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí ó tàn tí kò kú lọ, nítorí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ ti gíà sí iwájú, kí ẹ sì tún ti i sí ẹ̀yìn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ni ó yẹ kí ó mú. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó mú, tàbí tí ó bá gbá gbàgà, ohun kan ti jẹ. RAV4 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ti 2001 sí 2003 ní ti ara rẹ̀: kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń bàjẹ́, yóò sì mú kí gíà máa gbá nígbà tí ó bá ń yí. Ẹni tí ó bá tètè tún kọ̀ǹpútà náà ṣe yóò bọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ ni yóò ra gíà.

Wàyí o, ibi tí a ń lọ ni a dé yìí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú kí gbogbo rẹ̀ gbóná, nítorí ìsopọ̀ tí ó ti ń kú a máa ṣe dáadáa nígbà tí ó bá tutù. Ẹ wá ilẹ̀ líle gbígbẹ tí ó fẹ̀, bí ojú ọ̀dà tàbí kọnkéré. Kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe orí yanrìn, torí pé níbẹ̀ táyà yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé bọ́tìnì ìsopọ̀ kò sí ní títẹ̀. Ẹ pa rédíò àti amúlétutù, kí ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀. Ẹ yí sítíárìn dé òpin sí ọwọ́ òsì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa fà lọ ní ìyípo. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ tún ṣe é sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn rìn bákan náà.

Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá yóò máa yí po bí òòyì, kò ní dúró. Bí ó bá ń lọ́ra, tí ó ń fẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí èyí tí bíréèkì mú, tí táyà ń ké tàbí tí ó ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí ilẹ̀, ìsopọ̀ àárín ti gan. Èyí gan-an ni àgbẹ̀ wa rí nínú àgbàlá rẹ̀ nígbà tí owó ti lọ. Ẹni tí ń tà á lè sọ pé, "Bàbá, bí fóò-wíìlì ti máa ń ṣe nìyẹn." Ó jẹ́ òtítọ́ fún Hilux ọlọ́pàá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún RAV4, Highlander àti CR-V, irọ́ ni.

Bí ẹ bá gbọ́ tà-tà-tà ní iwájú nígbà tí ẹ tẹ iná díẹ̀ nínú ìyípo náà, oríkèé ṣáàfùtù ni. A lè tún un ṣe, ẹ kàn yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìkérora láti ìdí Honda CR-V, tí ìdí náà ń gbọ̀n, ẹ má tíì sá. Àwọn pọ́ǹpù ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ́ìlì tí Honda ṣe fún wọn nìkan. Bí ọ́ìlì náà bá ti gbó, tàbí tí ẹnìkan bá da ọ́ìlì gíà lásán sí i, bí yóò ti máa kérora nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá fa ti àtijọ́ dànù, tí wọ́n da èyí tí ó tọ́ sí i, tí wọ́n tún wà á díẹ̀ kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ariwo náà yóò lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é lójú yín kí owó tó jáde. Ìlérí pé yóò lọ kò tó.

Ó ku kí a mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ rárá. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí koríko rẹ̀ tutù tàbí tí yanrìn rẹ̀ fọ́nká ni kí ẹ ti gbéra, kí ẹnìkan dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ó jìnnà díẹ̀, kí ó máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí iwájú bá ń yí lásán tí ẹ̀yìn kò fa nǹkan kan, ẹ ti rí ìdáhùn. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ méjì sókè, wọn yóò tan ọkọ̀, wọn yóò sì wọ gíà. Ẹ má ṣe gbà fún wọn. Ẹsẹ̀ tí ó kù nílẹ̀ lè fà, kí ọkọ̀ fò kúrò lórí jáàkì kó sì pa ènìyàn. Nítorí ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjì nílẹ̀ fa fóò-wíìlì tí ó bá kú lọ́nà. Ọkọ̀ agbérù ni kí wọ́n fi gbé e.

Títì márosẹ̀ wá di ìgbẹ̀yìn. Ariwo híìì tí ó ń yí padà bí ẹ bá tẹ iná tí ẹ sì tún gbé ẹsẹ̀, àpótí gíà ni. Ìró wúù tí ó ń yí padà bí ẹ bá darí ọkọ̀ sí ọ̀tún àti òsì, béárìn ẹsẹ̀ ni. Gbígbọ̀n tí ó ń bá eré pọ̀ sí i lè jẹ́ ti pùròpẹ́là. Bí ẹ bá ti délẹ̀, kí wọ́n fi sìkánà ka inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àkọsílẹ̀ àṣìṣe inú rẹ̀ nù. Sìkánà tí ó dára yóò fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹni tí ọ̀dà wà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ni yóò fi fóò-wíìlì ṣe? Ó ń mu epo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a sì mọ iye tí epo dì láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti kúrò ní oṣù karùn-ún 2023. Fún ẹni tí kòkó rẹ̀ ń jẹrà sínú oko nítorí ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni pé kí wọ́n má ṣe san owó ọkọ̀ títí ìwé àyẹ̀wò tí mẹkáníìkì fọwọ́ sí yóò fi dé iwájú wọn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yí ọkọ̀ náà po lórí ilẹ̀ líle sí ọwọ́ méjèèjì, kí a sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Kí àwọn onídùúró méjèèjì ka ìwé náà, tàbí kí a kà á fún wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ka. Àgbẹ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń san owó àwọn onídùúró rẹ̀ padà lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan. Ó ti san ti ọ̀kan tán, ti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ó kù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí a má ṣe dárúkọ òun.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí mẹkáníìkì wá fi abẹ́ ọkọ̀ han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé, kí akọ̀wé wọn kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ṣáájú ìpàdé náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì wá ibi tí a lè gbé ọkọ̀ sókè láìséwu.